Ọdún 6 rèé tí mo ti kúrò nílé ọkọ, ṣé mo ti lè fẹ́ ẹlòmíì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Èmi àti ọkọ mi ṣe ìdána n'Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ sí rẹ́jísìrì, nígbà tó di Sátidé a lọ gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 6 rèé tí mo ti kó jáde. Àwọn ọmọ wa méjì wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi l'Óṣogbo. Lọ́dún tó kọjá àwọn ẹbí mi lọ dá owó orí padà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ṣàdúrà, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Ọkọ mi náà ti ṣe ìdána pẹ̀lú obìnrin míì, wọ́n ti bímọ. Èmi náà wá ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, rẹ́jísìrì ló sì fẹ́ ká ṣe. Ẹnì kan bá mi gba ìwé kan wá láti kóòtù ìbílẹ̀ pé wọ́n ti tú wa ká, èmi ò tiẹ̀ débẹ̀. Pásítọ̀ mi ní kò séwu mọ́, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá tún lọ fọwọ́ síwèé, ẹ̀wọ̀n ni. Ilẹ̀ kan tún wà l'Ákóbọ̀ tá a jọ rà, a ti kọ́ ọ, ó ku páànù, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé. Ṣé mo ti dòmìnira àbí mi ò tíì dòmìnira?

* * *

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ò tíì dòmìnira o, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tó kún etí yín. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ṣe akọ̀wé fọ́pọ̀ ọdún n'Ìbàdàn níbí, irú ọ̀rọ̀ yín yìí la sì máa ń rí ṣáá, ẹni tó ti kó jáde, tẹ́bí ti bá wọn parí ẹ̀, tó ti ń yan aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó míì, tó wá jẹ́ pé lójú òfin ìyàwó ilé ọkọ àkọ́kọ́ ṣì ni.

Ìgbéyàwó méjì lẹ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ìdána jẹ́ ọ̀kan, ti rẹ́jísìrì jẹ́ ọ̀kan. Owó orí tí wọ́n dá padà, ìdána nìkan ló kàn. Ti rẹ́jísìrì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Òfin tí wọ́n ń pè ní Matrimonial Causes Act, ti ọdún 1970, ló ń darí ẹ̀, High Court nìkan lòfin yẹn sì fún lágbára láti tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ ní Mápó ò lè tú u, ti Igando l'Ékòó ò lè tú u, adájọ́ májísíréètì ò lè tú u, DPO ò lè tú u, bíṣọ́ọ̀bù ò lè tú u. Kódà kí ọkọ yín kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí pé òun ò ṣe mọ́, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, ìwé àdéhùn lásán nìyẹn.

Ìwé tí ẹnì kan bá yín gbà yẹn, ẹ má gbé e lọ síbi kankan. Kóòtù ìbílẹ̀ gidi á fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́, á pè yín síwájú, á bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ ní ẹ ò tiẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Tó bá tiẹ̀ wá jẹ́ ojúlówó, ìdána náà ló ṣì máa kàn.

Ẹ lọ yọ sátífíkéètì yín wò. Tí wọ́n bá kọ Form E sí i lórí, tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, tí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, tí ẹni tó so yín pọ̀ náà fọwọ́ sí i, ìgbéyàwó òfin nìyẹn. Mo ń sọ èyí fún àwọn míì tó ń kà á náà, torí àwọn kan máa ń ní àwọn ò dé rẹ́jísìrì, ṣọ́ọ̀ṣì làwọn lọ, wọn ò mọ̀ pé tí ìjọba bá ti fún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní láísẹ́ǹsì láti so tọkọtaya pọ̀, Form E kan náà lẹ fọwọ́ sí lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ àdúrà ni wọ́n kàn gbà lé yín lórí tí wọ́n fún yín ní sátífíkéètì ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò kan òfin.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lẹ́yìn mi ní àwọn bàbá wa ò mọ High Court kan, tí owó orí bá ti padà, ó parí, pé àwọn lọ́yà àtàwa ọmọ ọ̀dọ̀ wọn la ń dá gbèsè sáwọn èèyàn lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó ṣe ìdána nìkan lẹ ń sọ. Ní tiwọn, ẹbí ló so ó, ẹbí lè tú u, owó orí á padà, ó tán. Ohun tó ń dà á rú ni pé kò síwèé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ bá ti kú tán, ọkọ lè jáde wá pé òun ò kọ̀ ọ́, pé ìyàwó òun ni, pé ọmọ tó bí fún ẹlòmíì tòun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ṣe ìdána lásán pé kí wọ́n lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ń pẹ́, wọ́n sì máa fún yín níwèé ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀.

Lórí owó orí fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló jẹ́ pé ojú agbo ìdána ni bàbá ìyàwó ti máa dá owó yẹn padà fún wọn, á ní òun ò ta ọmọ òun. Kí lẹ fẹ́ dá padà nígbà tó bá dọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀? Mo ti gbọ́ tí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ bi bàbá àgbà kan pé èló lẹ gbà, bàbá ní òun ò gba kọ́bọ̀, adájọ́ sì tú wọn ká lọ́jọ́ yẹn náà. Nítorí náà ẹni tó bá ń fi owó orí dẹ́rù bà yín pé láìjẹ́ pé ẹ san án ẹ ò lè kúrò, ẹ sọ fún un kó lọ jókòó.

Àmọ́ àǹtí tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí fọwọ́ sí Form E. Ibẹ̀ ni àwa àti ẹ̀gbọ́n ti ya ara wa.

* * *

Mo ti rí i pé àwọn mẹ́ta ti sọ fún un pé kó lọ wá fọ́tò ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin yẹn, kó lọ wá ẹlẹ́rìí, kó fi àgbèrè pè é lẹ́jọ́. Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni òfin 1970 yẹn mọ̀, pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi hàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àgbèrè jẹ́ ọ̀kan, ìwà tí èèyàn ò lè fara dà jẹ́ ọ̀kan, kí ẹnì kan já èkejì jù sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko jẹ́ ọ̀kan. Àmọ́ èyí tó kàn yín rèé: tí tọkọtaya bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 láìdáwọ́ dúró, tí ẹnì kejì ò sì takò ó, ó tó. Tó bá ti pé ọdún 3, kò kan ẹnikẹ́ni bóyá ẹnì kejì takò ó tàbí kò takò ó. Ẹ̀yin ti lo ọdún 6! Kí lẹ tún ń wá fọ́tò obìnrin olóbìnrin fún? Tí ẹ bá gbé àgbèrè lọ, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ obìnrin yẹn, kẹ́ ẹ fa òun náà wọ ẹjọ́, òun náà á gba lọ́yà tiẹ̀, ẹjọ́ tó yẹ kó yá á wá di ìjà ọlọ́dún púpọ̀, àwọn ọmọ yín á sì ka gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú torí àkọsílẹ̀ kóòtù kì í sọnù.

Mo fẹ́ fi kún un, kí ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń gbé pọ̀, ẹ sọ fún lọ́yà yín kedere. Lójú òfin àgbèrè ni ti ẹ̀yin náà, adájọ́ sì lágbára láti torí ẹ̀ sọ pé òun ò ní tú yín ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá ti sọ òótọ́. Ìwé kan wà tí lọ́yà máa ń bá èèyàn kọ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á fi sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, adájọ́ ló máa ṣí i. Ẹni tó bá fi pa mọ́, tí lọ́yà ọkọ wá tú u síta níwájú kóòtù, ìyẹn ló máa ń burú.

Fún àwọn tọkọtaya tuntun tó ń bi mí ní kọ̀rọ̀: tí ìgbéyàwó òfin kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó lè pẹjọ́, àfi láwọn ìgbà díẹ̀ kan. Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé kí wọ́n máa lù ú o. Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007, kóòtù lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lù yín má sún mọ́ yín, ìgbéyàwó ì báà jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná, ká tó wá sọ̀rọ̀ ìwé.

* * *

Bó ṣe máa ń lọ nìyí, torí ẹnì kan ní wọ́n ní kí òun san owó kí wọ́n bá òun "ṣe é ní kíákíá" láìdé kóòtù.

Kò sí i. Lọ́yà máa kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹ máa búra sí i, òun náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan pé òun ti bá yín sọ̀rọ̀ bóyá ẹ ṣì lè parí ìjà. Wọ́n á lọ fi sílẹ̀ ní High Court, t'Ìbàdàn wà ní Ring Road. Bélífù, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń pín ìwé, á mú ìwé lọ fún ọkọ. Tó bá ń sá fún bélífù, lọ́yà á bẹ kóòtù kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e síwèé ìròyìn. Nígbà tọ́jọ́ bá pé, ẹ̀yin fúnra yín máa wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, ẹ máa sọ ìgbà tí ẹ ṣègbéyàwó, ìgbà tí ẹ kó jáde, pé ẹ ò tíì padà sọ́dọ̀ ara yín látìgbà yẹn. Tí kò bá sẹ́ni tó takò ó, ìjókòó ọjọ́ kan lè tó fún ẹ̀rí.

Tí adájọ́ bá gbà, decree nisi ló máa kọ́kọ́ fún yín. Ibí làwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rí òǹtẹ̀ kóòtù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ijó. Decree nisi ò tíì tú yín ká, ó kàn ń sọ pé ó máa tú lẹ́yìn oṣù 3 tí ohunkóhun ò bá dí i lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ẹ ṣì jẹ́ tọkọtaya. Tó bá pé, ó di decree absolute, òun ni ìwé tí rẹ́jísìrì máa béèrè kí wọ́n tó so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíì, òun náà lẹ́ḿbásì máa béèrè. A ní oníbàárà kan tó ṣe ìgbéyàwó kejì l'óṣù kejì lẹ́yìn nisi, torí pé gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó fẹ́ ò ní ṣófo mọ́ títí ọdún á fi parí. Nígbà tó ń wá fíísà pẹ̀lú ọkọ tuntun, wọ́n fi déètì ìwé méjèèjì wé ara wọn. Ìgbéyàwó kejì yẹn ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ní láti tún un ṣe.

Ọ̀rẹ́ yín tó dárúkọ ẹ̀wọ̀n ò parọ́. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó òfin tó tún lọ ṣe òmíràn nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà nínú Criminal Code fún un. Tó bá jẹ́ ìdána ló tún lọ ṣe lórí ti òfin, ọdún 5 ló wà nínú òfin ìgbéyàwó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé èèyàn lọ síbẹ̀, mo mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà ládùúgbò wa ò ní sùn nílé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ tí yóò fi máa halẹ̀ mọ́ yín.

Tówó lọ́yà bá wọ̀n, ẹ lọ sí Legal Aid Council, ti ìjọba àpapọ̀ ni. L'Ékòó, Office of the Public Defender wà. Àwọn obìnrin lọ́yà FIDA náà máa ń ran obìnrin lọ́wọ́. Ẹ béèrè, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ti ń retí ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó dáhùn ló ní ọmọ ti bàbá ni, kí àǹtí gbàgbé ẹ̀. Àwọn kan ní tó bá ti pé ọdún 7, ó di ti bàbá. Ẹnì kan ní ti ìyá ni títí láé. Kò sí èyí tó jẹ́ òfin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí òfin 1970 ní kí adájọ́ wò jù lọ ni ire ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 náà tún sọ bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbà á lọ́dún 2006, Èkó lọ́dún 2007. Ọdún 7 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, àwọn kan ní ti Mùsùlùmí ni, bẹ́ẹ̀ ìlànà òfin Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Màlíkì, tí àwa nílẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé, ní kí ọmọkùnrin wà lọ́dọ̀ ìyá títí tó fi máa bàlágà, kí ọmọbìnrin wà níbẹ̀ títí yóò fi rílé ọkọ.

Àmọ́ mi ò ní tan àǹtí jẹ. Ọdún 6 làwọn ọmọ yẹn ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà l'Óṣogbo. Adájọ́ máa wo ibi tí wọ́n ti ń lọ sílé ìwé, ta ló ń tọ́jú wọn, ṣé ara wọn balẹ̀. Tí ọmọ bá ti gbọ́n tó, ó lè pè é sí ọ́fíìsì ẹ̀ kó bi í léèrè. Kì í fẹ́ fa ọmọ tu níbi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìnídìí. Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹ máa lọ wò wọ́n, ẹ máa san owó ilé ìwé tí ẹ bá lè san, kí ẹ fi sínú àkáǹtì ilé ìwé ní orúkọ yín kí ẹ̀rí lè wà, ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, tí kò bá ṣeé ṣe kí wọ́n kó wọn fún yín pátápátá, ẹ lè gba ọlidé, òpin ọ̀sẹ̀, fóònù. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má lọ jí wọn gbé ní géètì ilé ìwé bí ẹnì kan ṣe gbà yín nímọ̀ràn lókè yẹn. Ọjọ́ kan yẹn ni lọ́yà ọkọ yín máa fi jẹun títí ẹjọ́ á fi parí, ẹ̀rù tó sì máa ba àwọn ọmọ yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin lẹ máa dá a sí wọn lára.

* * *

Lórí ilẹ̀ Akóbọ̀, ọkùnrin kan ti kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú pé obìnrin kàn ń wá ìdajì ilé olóńlé ni bíi ti àwọn òyìnbó. Bùọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí òfin pín-in-sí-méjì ní Nàìjíríà. Ohun tó wà ni pé nínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ti High Court, adájọ́ lè pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa ṣe dúkìá fún àǹfààní tọkọtaya tàbí ti àwọn ọmọ, bó bá ṣe rí i pé ó tọ́. Kó tó rí i pé ó tọ́, ó máa béèrè ẹ̀rí.

Mo rántí obìnrin kan tó wọlé wá bá wa, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan dání, ó tú u sórí tábìlì. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì, rìsíìtì irin, ti gíráfẹ́ẹ̀lì, òmíì ti gbó débi pé tádàá ẹ̀ ti parẹ́. A tò wọ́n. Orúkọ ọkọ ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo lọ rà á o, èmi ni mo ń san owó, wọ́n ní kí n sọ orúkọ, mo sọ orúkọ Bàbá Tọ́pẹ́." Kò purọ́, mo gbà á gbọ́ látòkè délẹ̀. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ilé ìfowópamọ́ tó ti ń gba owó àjọ tiẹ̀ ṣì ní àkọsílẹ̀ ẹ̀, a wá fi déètì tó gba owó wé déètì tí wọ́n ra irin. Ọjọ́ kan náà ni.

Ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba státímẹ́ǹtì báńkì yín, ẹ wá ẹni tó tà yín ní ilẹ̀, bíríkìlà tí ẹ ń sanwó fún ṣì lè jẹ́rìí. Gbogbo obìnrin tó ń kà á tí ọkọ ń kọ́lé lọ́wọ́ báyìí, ilé yín dùn, mo mọ̀, síbẹ̀ tó bá jẹ́ owó yín lẹ fi ra àpò sìmẹ́ǹtì, orúkọ yín ni kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn láàárín àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ara wọn pàápàá.

* * *

Alhájà kan béèrè ti àwọn tó so yìgì nìkan. Tó bá jẹ́ yìgì lásán láìsí rẹ́jísìrì, High Court ò kàn yín. Ọkọ lè kọ ìyàwó sílẹ̀, ìyàwó á sì ka iddah tiẹ̀, ìyẹn àkókò tó gbọ́dọ̀ fi dúró, kó rí nǹkan oṣù ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹni tí kò lóyún, kó tó lè fẹ́ ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló fẹ́ kúrò, ó lè dá sàdáákì, ìyẹn owó tí ọkọ san nígbà yìgì, padà. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín kò sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba bíi ti òkè ọya. Ìgbìmọ̀ Ṣàríà tó wà n'Ìbàdàn àti l'Ékòó, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n dá sí i, nítorí náà tí ọkọ ò bá dá wọn lóhùn, kóòtù ìbílẹ̀ lẹ máa lọ. Àmọ́ tí ẹ bá so yìgì tí ẹ tún lọ rẹ́jísìrì, ọ̀nà kan náà lẹ̀yin àti àǹtí jọ máa gbà.

Kátólíìkì tó ní ìjọ òun ti fagi lé ìgbéyàwó òun: ìjọ ló fagi lé e, ìjọba ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn ò sì gbà láàyè láti kọ ọkọ sílẹ̀ lè béèrè fún ìyapa láti kóòtù, judicial separation ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò ní gbé pọ̀ mọ́, kóòtù lè pàṣẹ owó ìtọ́jú àti ti ọmọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fẹ́ ẹlòmíì nínú yín.

* * *

Bùọ̀dá tó wà ní London, tó ní ìdána nìkan làwọn ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde, pé òyìnbó ò mọ̀ ọ́n: wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdána tó bá òfin mu nílẹ̀ wa, ìgbéyàwó ni lọ́hùn-ún. Ẹ sì má rò pé tí ẹbí bá jókòó n'Íjẹ̀bú tí wọ́n dá owó orí padà, ẹ ti bọ́, nígbà tó jẹ́ pé London lẹ̀ ń gbé. Òfin wọn ò ní ka ìkọ̀sílẹ̀ tí kóòtù ò dá sí tí ọ̀kan nínú yín bá ti ń gbé ní Bìrìtìkó fún gbogbo ọdún kan tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ lo kóòtù tiwọn. Láti April 6, 2022, ẹ ò nílò láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni mọ́ ní England àti Wales, tí ìgbéyàwó bá ṣáà ti lé lọ́dún kan. Ẹ máa dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kẹ́ ẹ tó béèrè fún ìwé àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ẹ̀ fún ti ìkẹyìn.

* * *

Àǹtí, ẹ padà wá kọ ọ́ pé tó bá rí báyìí, ẹ máa kàn fi í sílẹ̀, ẹ máa gbé pẹ̀lú ẹni tuntun láìṣe ìwé kankan. Mo lóye bó ṣe rẹ̀ yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ níbí.

Ká ní ọkọ yín kú lọ́la, Ọlọ́run má jẹ́ ẹ o. Ẹ̀yin ni opó ẹ̀. Obìnrin tó ṣe ìdána fún lẹ́yìn yín, ìdána yẹn ò dúró lójú òfin níwọ̀n ìgbà tí tiyín ṣì wà. Ẹ̀yin lòfin máa pè síbi ogún pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọmọ tí obìnrin yẹn bí ò ní pàdánù, torí òfin ìpìlẹ̀ (constitution) Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí bí wọ́n ṣe bí i, àmọ́ ìyá ọmọ yẹn máa sunkún. Ká tún ní ẹ̀yin lẹ kú. Ọkọ tí ẹ ti fi sílẹ̀ láti ọdún 6 ló máa wá pe ara ẹ̀ ní ọkọ yín, ẹni tuntun tó tọ́jú yín ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Tó bá wá jẹ́ ìdána lásán lẹ bá ẹni tuntun ṣe, ìyẹn náà ṣòro. Lábẹ́ àṣà Yorùbá bí kóòtù ṣe mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í jogún ọkọ, Supreme Court tún un sọ lọ́dún 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi. Nítorí náà rẹ́jísìrì tí ẹni tuntun yìí ní kẹ́ ẹ ṣe, nǹkan tó dáa ló fẹ́ fún yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó ní sùúrù, kẹ́ ẹ sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, kẹ́ ẹ má tíì san owó gbọ̀ngàn.

* * *

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: ọkọ ní òun ò ní takò ó, àmọ́ òun ò ní yọjú sí kóòtù. Kò burú. Kò pọn dandan kó wá. Ohun tí kóòtù fẹ́ mọ̀ ni pé ìwé dé ọwọ́ ẹ̀, bélífù á búra pé òun fi lé e lọ́wọ́. Tó bá gba lọ́yà tiẹ̀, lọ́yà yẹn lè gba ìwé fún un. Tó bá gbà á tí kò fèsì, tí kò yọjú, adájọ́ á gbọ́ tiyín. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ kó má lọ sá fún bélífù torí ojú ń tì í, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ẹ tún bi í léèrè ní pẹ̀lẹ́tù ibi tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àti ilẹ̀ yẹn já sí, kẹ́ ẹ kọ ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí sílẹ̀, kí lọ́yà gbé e síwájú adájọ́ kó lè di àṣẹ kóòtù. Ẹ máa sọ fún wa bó bá ṣe lọ.